Ara ń ro mí láti ọjọ́ Ajé: ṣé kí n gbé irin, àbí họ́mónù yóò dà rú?

Agbérin Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dà mí láàmú, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ bá mi dá sí i. Ẹni ọdún 41 ni mí. Ó tó ọdún mẹ́fà tí mo ti fi irin gbígbé sílẹ̀ kí n tó padà sídìí rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé irin kílò 60 lé èjìká, mo sì fi lóṣòó ní ìgbà mẹ́wàá-mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ara mi yá gágá nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, mo tilẹ̀ ń fi ara mi yangàn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, itan bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Nígbà tí yóò fi di àárọ̀ Ọjọ́rú, ogiri ni mo ń dì mú kí n tó lè jókòó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ̀yìn ni mo sì fi sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wa, tí àwọn ọmọ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ló tún yẹ kí n gbé irin, nítorí náà mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà ní jíìmù. Kóòṣì kan ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irin rárá, pé bí ènìyàn bá gbé irin nígbà tí ara ń ro ó, cortisol, họ́mónù tí ara ń tú jáde nígbà ìnira, yóò kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, yóò máa jẹ ẹran ara rẹ̀, testosterone, họ́mónù ọkùnrin, kò sì ní jáde. Ẹlòmíràn tó ti pẹ́ nídìí irin ju èmi lọ sọ ìdàkejì rẹ̀: ó ní ara ríro gan-an ni àmì pé họ́mónù ti jáde, àti pé ẹni tí ara kò bá ro, eré lásán ló lọ ṣe. Àwọn méjèèjì kò lè jàre pọ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Físíò Leeds

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ ìtọ́jú iṣan àti oríkèé ara ni mò ń ṣe jẹun, irú ìtàn àtẹ̀gùn yín yìí kì í sì í ṣe tuntun sí mi. Ní tèmi, àwọn méjèèjì ló ṣì í sọ, ṣùgbọ́n àṣìṣe ẹnìkejì ló tóbi jù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ara ríro yìí jẹ́, nítorí láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti lọ́jú pọ̀.

Irú èyí tó ń ṣe yín, tí kì í bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tó máa ń tó wákàtí 12 sí 24 kó tó yọjú, tó ń le jù láàárín wákàtí 24 sí 72, tó sì ń lọ fúnra rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ásíìdì tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ó dì sínú ẹran ara. Lactate, ohun tí wọ́n ń pè ní ásíìdì yẹn, tí iṣẹ́ líle ń kó jọ, ti máa ń lọ kúrò láàárín nǹkan bíi wákàtí kan. Kò lè jẹ́ òun ló ń mú kí ẹ di ogiri mú ní ọjọ́ kejì. Láti ọdún 1902 ni Theodore Hough, ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jọ pé nǹkan kan ló ya nínú iṣan fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tó máa ń fà á jù ni èyí tí iṣan ti ń nà síwájú nígbà tó ṣì ń di ẹrù mú: bí a bá ń sọ irin kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí a bá ń lóṣòó lọ sísàlẹ̀, bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí yóò mọ ohun tí mò ń wí. Gígun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn ló ń mú wa mí hẹlẹ, ṣùgbọ́n sísọ̀ kalẹ̀ rẹ̀, tí gbogbo wa ń rò pé ó rọrùn, ló ń mú kí itan ro wá ní ọ̀túnla. Àwọn okùn tín-ín-tín inú iṣan ló farapa. Omi rọ́ wọ ibẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kó ara wọn jọ láti tún un ṣe, àwọn ohun tí wọ́n sì ń tú jáde nídìí iṣẹ́ náà mú kí ibẹ̀ máa dunni bí a bá fọwọ́ kàn án. Àtúnṣe ni ẹ̀ ń gbọ́ lára yẹn.

Ó wá ku ti họ́mónù. Bí a bá gbé irin tó wúwo dáadáa, testosterone àti họ́mónù ìdàgbàsókè máa ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà iṣẹ́ náà àti láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30 lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì máa ń padà síbi tí wọ́n wà láàárín nǹkan bíi wákàtí kan. Ẹ fi aago méjèèjì wéra, ẹ̀gbọ́n. Họ́mónù ti wá, ó ti lọ, bóyá kí ẹ tó wẹ̀ tán. Ara ríro ò tíì jí lójú oorun rẹ̀. Báwo ni èyí tó dé lọ́jọ́ kejì yóò ṣe wá jẹ́ ẹ̀rí fún ohun tó ti kọjá lánàá?

Kóòṣì Súrùlérè

Físíò, ẹ ṣé é púpọ̀, mo gba ti aago méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a fọwọ́ rọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ họ́mónù dànù, nítorí àwa tí a ń kọ́ni mọ̀ pé bí a ṣe ṣètò iṣẹ́ ń yí i padà. William Kraemer, onímọ̀ nípa eré ìdárayá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi èyí hàn láti ọdún 1990: nígbà tí wọ́n fi irin wíwúwo tí a lè gbé lẹ́ẹ̀marùn-ún péré, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárín ọ̀wọ́ kan sí èkejì, wé èyí tí a lè gbé lẹ́ẹ̀mẹwàá pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú kan péré, èyí ẹ̀yìn ni họ́mónù ìdàgbàsókè fi ga jù. Ohun tí mò ń rí ní jíìmù ni pé ẹni tí itan ń ro kì í lè parí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Yóò máa sinmi gùn, yóò dín irin kù, yóò lóṣòó dé ìdajì, yóò tún dìde. Ṣé ẹ wá fẹ́ sọ pé họ́mónù rẹ̀ yóò dà bíi ti ọjọ́ tí ara rẹ̀ dá?

Kí ó má baà dà bíi pé mò ń dárúkọ ẹnikẹ́ni, kì í ṣe èmi ni kóòṣì tí ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn ń wí o.

Akẹ́kọ̀ọ́ Houston

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń dáhùn sí eré ìdárayá ni mò ń kà lọ́wọ́, n ó sì fẹ́ kí a pín ìbéèrè ẹ̀gbọ́n sí méjì, nítorí a ti ń dà wọ́n pọ̀. Èkíní ni pé: bí ènìyàn bá gbé irin nígbà tí ara ń ro ó, ṣé họ́mónù rẹ̀ yóò yàtọ̀? Èkejì ni pé: bí ó bá tilẹ̀ yàtọ̀, ṣé ìyàtọ̀ náà ní ipa lórí bí ẹran ara ṣe ń dàgbà?

Lórí èkíní, ó lè yàtọ̀, Kóòṣì sì ti mú ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ wá. Iṣan tó ń ro kò ní agbára bíi ti tẹ́lẹ̀; bí iṣẹ́ tí a ṣe bá sì dín kù, àwọn ohun tó ń ti họ́mónù ìdàgbàsókè jáde láti ara kókó kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ yóò dín kù pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá fi tipátipá parí iye tó máa ń gbé tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ lè gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn okùn iṣan tó ṣì lera ni yóò máa ru ẹrù àwọn tó farapa, àwọn okùn ìmọ̀lára tó ń gbé ìró ìrora lọ sí ọpọlọ sì ti ń ta gìrì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé ọkàn lè sáré sí i, tí adrenaline àti noradrenaline, àwọn họ́mónù tó ń mú ara ta gìrì, sì lè pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ irin kò wúwo ju ti àná lọ. Cortisol náà lè gòkè, nítorí pé interleukin-6, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ara ń tú jáde nígbà tí wíwú bá wà, máa ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé kí kókó tó wà lórí kíndìnrín tú cortisol sílẹ̀. Nítorí náà, kóòṣì tó bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ kò parọ́ pátápátá lórí cortisol. Ìtumọ̀ tó fún un ni kò tọ́.

Cortisol tó gòkè fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú lẹ́yìn irin kì í jẹ ẹran ara tán. Ó ń tú oúnjẹ tí ara ti kó pamọ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́, ó sì ń bá wa mú kí wíwú rọlẹ̀. Ojoojúmọ́ ayé wa ni cortisol ń ga jù ní àárọ̀ bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, kò sì sí ẹni tí apá rẹ̀ ń joro kí ó tó jẹun àárọ̀. Èyí tó ń jẹ ẹran ara ni èyí tó pọ̀ ju bó ti yẹ lọ fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, bíi ti ẹni tó ń lo oògùn steroid tí wọ́n fi ń tọ́jú ikọ́ fée tàbí oríkèé wíwú fún ìgbà pípẹ́, tàbí ẹni tí àìsàn bá kókó orí kíndìnrín rẹ̀.

Èkejì ló dùn mọ́ mi jù. Ní Yunifásítì McMaster ní Kánádà, Daniel West, Stuart Phillips àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé iṣẹ́ kan jáde ní ọdún 2010 tó yẹ kí gbogbo jíìmù mọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin 12 ni wọ́n lò, fún ọ̀sẹ̀ 15. Apá kan ni ẹni kọ̀ọ̀kan ń kọ́ ní ọjọ́ kan, tí kò ní ṣe nǹkan mìíràn, tí họ́mónù rẹ̀ kò fi ní gòkè rárá. Ní ọjọ́ mìíràn, yóò kọ́ apá kejì, yóò sì fi iṣẹ́ ẹsẹ̀ tó le tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, tí testosterone àti họ́mónù ìdàgbàsókè yóò fi kún inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn gba inú apá náà. Bí ọ̀rọ̀ jíìmù bá jẹ́ òtítọ́, apá kejì ló yẹ kó tóbi jù. Àwọn apá méjèèjì dàgbà bákan náà, agbára wọn sì gòkè bákan náà.

Ẹ wá tún wo èyí. Bí a bá fi irin kan náà wọn gbígbé sókè àti sísọ̀ kalẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gbígbé sókè ló ń mú họ́mónù ìdàgbàsókè jáde jù, bẹ́ẹ̀ sísọ̀ kalẹ̀ ni ọ̀gá nídìí ara ríro. Ní ilẹ̀ Japan, Takarada àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi bẹ́líìtì pàtàkì di itan àwọn ènìyàn ní ọdún 2000, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ gbé ìdá 20 péré nínú ọgọ́rùn-ún agbára wọn. Họ́mónù ìdàgbàsókè wọn fi nǹkan bí ìlọ́po 290 ju ti ìgbà ìsinmi lọ, láìjẹ́ pé iṣan wọn farapa lọ títí. Ibi tí họ́mónù pọ̀ sí kọ́ ni ara ríro pọ̀ sí. (Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ fi okùn aṣọ di itan nílé.)

Kóòṣì Súrùlérè

Àbúrò Houston, ti McMaster yẹn mú mi dákẹ́ díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ kí apá wọn lè tóbi. N ó ṣì máa sọ pé kí wọ́n ṣe é, nítorí ẹsẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n n ó fi ti apá sílẹ̀.

Màmá Ṣàgámù

Ẹ kú àsọyé o, ẹ̀yin ọmọ mi. N kò wá ẹran ara títóbi o, ẹni ọdún 58 ni mí, àtọ̀gbẹ sì ti ń bá mi fínra láti ọdún mẹ́sàn-án. Dókítà ló ní kí n máa ṣe eré ìdárayá tó ń lo agbára, nítorí náà ọmọbìnrin mi kọ́ mi bí a ṣe ń jókòó-dìde lórí àga pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ṣe é títí orí mi fi wú, bóyá ó tó ọgọ́ta ìgbà. Ní ọjọ́ kejì àti ìkẹta, n kò lè tẹ orúnkún. Ohun tó wá dẹ́rù bà mí ni pé ṣúgà òwúrọ̀ mi, tó máa ń wà ní nǹkan bíi 118 kí n tó jẹun, di 146 ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sì sí oúnjẹ tuntun tí mo jẹ. Mo ti pa eré náà tì. Ṣé eré ìdárayá tún lè mú ṣúgà gòkè ni?

Físíò Leeds

Màmá, ẹ kú ìfaradà. Inú mi dùn pé ẹ béèrè, nítorí ti insulin, họ́mónù tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, gan-an ni mo kà sí ojúlówó ọ̀rọ̀ nínú gbogbo ohun tí a ń sọ, òun sì ni ẹnikẹ́ni kì í mẹ́nu bà ní jíìmù. Testosterone tó gòkè fún ogójì ìṣẹ́jú kò yí ohunkóhun padà fún Agbérin. Ti insulin lè yí òwúrọ̀ yín padà fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Iṣan ni ilé ìṣúra tó tóbi jù tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ń wọ̀ sí, insulin ló sì ń ṣílẹ̀kùn. Ẹnu ọ̀nà náà ni ohun kan tí wọ́n ń pè ní GLUT4. Eré ìdárayá tí kò ba iṣan jẹ́ máa ń mú kí ilẹ̀kùn náà rọrùn láti ṣí fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ìdí sì nìyẹn tí dókítà fi ní kí ẹ máa ṣe é. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún iṣan tí kò mọ̀ ọ́n, pàápàá iṣẹ́ sísọ̀ kalẹ̀, GLUT4 inú iṣan tó farapa máa ń dín kù fún ìgbà díẹ̀, iṣan náà kì í sì í gba ṣúgà bó ti ń gbà á tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti wọn èyí lára àwọn tí ara wọn le koko pàápàá ní ọdún 1992: ní wákàtí 48 lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, insulin wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ìyẹn ní àsìkò tí ara ríro ń le jù. Nígbà tó yá, ó padà sípò.

N kò lè fi ẹ̀rọ ìwọn ṣúgà ẹlòmíràn búra láti Leeds, nítorí oorun tí kò tó àti ìrora nìkan náà lè mú 118 di 146. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ rí kò ṣàjèjì, kò sì tó ìdí láti pa eré náà tì. Ọgọ́ta ló pọ̀ jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́jọ, ẹ sinmi, kí ẹ tún ṣe mẹ́jọ, láìmú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí ẹ má jẹ́ kí ìdí já lu àga, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìjókòó náà falẹ̀ jù ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, nítorí ìfalẹ̀ yẹn gan-an ló ń ro iṣan. Ẹ má fọwọ́ ara yín fi oògùn kún un nítorí òwúrọ̀ kan tó ga: bí ẹ bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń pè ní glibenclamide tàbí abẹ́rẹ́ insulin, ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì nígbà tí iṣan bá tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé náà lọ bá dókítà yín.

Onílàbù Òṣogbo

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ láti ẹ̀yìn maikirosíkóòpù. Bí ara bá ń ro yín lẹ́yìn irin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ yín. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ti fi ẹ̀rù àìsàn ẹ̀dọ̀ bò mọ́lẹ̀ nítorí pé AST àti ALT rẹ̀, àwọn ohun inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀dọ̀ wò, ga. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni òun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin. A wọn creatine kinase rẹ̀, ohun tó ń jáde láti inú iṣan tó farapa, ó ga fíofío: láti inú iṣan ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá, kì í ṣe láti inú ẹ̀dọ̀. Irin gbígbé tó le lè mú àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí ga fún ọjọ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti testosterone ń kọ́? Kí ẹni tó bá fẹ́ wọ̀n ọ́n má wá ní ọ̀sán, kó má sì ti jíìmù wá. Òwúrọ̀ ni à ń wọ̀n ọ́n, láàárín aago méje sí mẹ́wàá, nítorí ìgbà yẹn ló ń ga jù, bí ó bá sì kéré, a ó tún un wọ̀n ní ọjọ́ mìíràn kí a tó sọ ohunkóhun. Àìmọye ọkùnrin ló ti gba èsì ọ̀sán kan ṣoṣo, tó sì torí rẹ̀ lọ ra abẹ́rẹ́ testosterone.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n Òṣogbo ti ṣí ilẹ̀kùn abẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kí n gba ibẹ̀ wọlé. Testosterone tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ ní àwọn jíìmù kan kì í mú kí ara má ro ènìyàn mọ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ọpọlọ yóò rí i pé ó ti pọ̀ láti ìta, kò sì ní ránṣẹ́ sí ẹpọ̀n mọ́. Ẹpọ̀n yóò joro, àtọ̀ yóò sì di omi tí kò lọ́mọ nínú. Ó ti kọjá ọ̀rọ̀ ara ríro nígbà náà.

Lórí oògùn ìrora, a máa ń rí àwọn tó ń gbé ibuprofen mì kí wọ́n tó lọ gbé irin, kí wọ́n má baà gbọ́ ìrora rárá. Ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Karolinska ní orílẹ̀-èdè Sweden, wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́ ní mílígíráàmù 1,200 lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n fi ń gbé irin, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tó gba aspirin kékeré. Àwọn oní-ibuprofen rí nǹkan bí ìdajì péré nínú ìdàgbà ẹran itan tí àwọn yòókù rí. Ti àwọn àgbà kò rí bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ìwádìí mìíràn, nítorí náà kí màmá àti bàbá tó ní oríkèé dídùn má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ibuprofen, ìlàágùn púpọ̀ àti omi tí a kò mu tó lè bá kíndìnrín jà pa pọ̀. Òrí, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ìrìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ ni mo máa ń sọ fún àwọn tèmi. Wọn kò yí họ́mónù kan padà, ṣùgbọ́n wọ́n ń tuni lára.

Ohun kan wà tí n kò fẹ́ kí a fojú fò. Bí ìrora bá kọjá ààlà, tí ibẹ̀ wú tó le gbandi, tí ìtọ̀ sì pọ́n dúdú bíi Coca-Cola, ẹ má ṣe jókòó máa bi wá léèrè níbí. Iṣan ti ń tú dànù sínú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, ó sì lè dí kíndìnrín. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ewu náà ga díẹ̀ sí i fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS, bí ó bá lo agbára nínú oòrùn láìmu omi. Ẹni tó jẹ́ SS kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ irin láìgba àṣẹ dókítà rẹ̀.

Bàbá Ìṣẹ́yìn

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ẹ̀ ń náwó kí ara lè ro yín. Àwa ń ro oko, ara sì ń ro wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a bá kọ ebè, ẹ̀yìn àti apá kì í jẹ́ kí a sùn. Ọ̀sẹ̀ kejì ńkọ́? A ó kọ ìlọ́po méjì rẹ̀, kò ní ṣe wá ní nǹkan kan. Àwọn ọmọ tó ń ti Èkó wá ràn wá lọ́wọ́ ni ọwọ́ wọn kì í lè gbé òkèlè dé ẹnu lọ́jọ́ kejì. Ṣé họ́mónù tèmi ló ti gbẹ ni kò fi ro mí mọ́?

Físíò Leeds

Bàbá, ẹ kú oko o. Họ́mónù yín kò gbẹ. Iṣan tó bá ti farapa díẹ̀ nídìí iṣẹ́ kan máa ń tún ara rẹ̀ ṣe lọ́nà tí iṣẹ́ kan náà kò fi ní rí i mú bí ti àkọ́kọ́. Ààbò yẹn máa ń wà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nínú àwọn ìwọ̀n kan ó tó oṣù mẹ́fà, ìdí sì nìyẹn tí ìbẹ̀rẹ̀ òjò fi ń tún un bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn. Ken Nosaka, onímọ̀ nípa eré ìdárayá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí èyí ní ilẹ̀ Australia. Wọ́n tún rí i pé bí ènìyàn bá padà ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, nígbà tí ara ṣì ń ro ó, kò dá ìwòsàn náà dúró. Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn, ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Gbígbé irin nígbà tí ara ń ro yín díẹ̀ kì í ṣe èèwọ̀. Ibi tí mo ti ń dáni dúró ni pé agbára ti dín kù, ìdúró ara lè wọ́, orúnkún tàbí ẹ̀yìn sì lè wá san gbèsè tí itan jẹ. Ẹ dín irin náà kù sí ìdajì, tàbí kí ẹ kọ́ apá àti àyà lọ́jọ́ náà.

Agbérin Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Mo gbà yín gbọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, apá àti àyà ni mo kọ́, mo sì fi irin kílò 20 lásán lóṣòó ní ìgbà mẹ́jọ-mẹ́jọ, lẹ́ẹ̀mejì, kí itan kàn lè rántí. Ó ń dùn mí ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ara gbóná tán, ó rọlẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni ìrora náà lọ pátápátá. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo gbé kílò 50 ní ìgbà mẹ́jọ-mẹ́jọ, lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì lọ sílé láìyangàn. Lónìí Ọjọ́rú, àwọn ọmọ ti dúró sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n ń retí kí bàbá wọn fẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀. Iwájú ni mo fi sọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fọwọ́ kan ogiri díẹ̀ ní ìtẹ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn.